Níbo Ni Ká Ti So Yìgì?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni kò tíì dé ibi ìdána tí ọkọ kò sí níbẹ̀? Ìyàwó ti wé gèlè, ẹbí kún àgbàlá, ṣùgbọ́n fọ́tò ni wọ́n gbé sórí àga ọkọ. Àbúrò ọkọ ló dọ̀bálẹ̀ fún àna. Wọ́n ní kí ìyàwó gbá fọ́tò mọ́ra, ó gbá a mọ́ra, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọkọ gan-an wà ní London, bóyá ibi iṣẹ́ òru ló wà pàápàá.

Àṣà yìí ti pẹ́. Láàárín 1950 sí 1960 tí àwọn ọmọ wa ń rọ́ lọ kàwé ní Ìlú Ọba, lẹ́tà ni ọmọ á kọ sílé pé òun ti tó láya. Bàbá àti ìyá á wá ọmọ ilé ire, wọ́n á san owó orí, wọ́n á fi ìyàwó sínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, ó di Liverpool. (Ìyàwó mìíràn ò rí ojú ọkọ rí àfi nínú fọ́tò. Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀ ná.) Òfin 1962 tó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa pàápàá fi àyè sílẹ̀ fún aya ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀.

Ṣé irú èyí jẹ́ ìgbéyàwó lójú òyìnbó? Ẹ gbọ́ ẹjọ́ Apt. Ní 1941, ogun ń lọ lọ́wọ́, obìnrin kan wà ní London, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà ní Buenos Aires ní ilẹ̀ Argentina. Obìnrin náà fọwọ́ sí ìwé, ó yan aṣojú, wọ́n sì so yìgì lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló tún gba kóòtù lọ, ó ní kí wọ́n bá òun sọ pé kò sí ìgbéyàwó kankan. Ní 1947 kóòtù ní ó wà digbí. Wọ́n ní kí èèyàn dúró fúnra rẹ̀ tàbí kó rán aṣojú, ọ̀rọ̀ ètò ni, òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é ló sì ni ètò. Bí Argentina bá ti gbà á, London gbà á nìyẹn.

Amẹ́ríkà ò dá sí irú rẹ̀. Òfin wọn ti 1924 dárúkọ ìgbéyàwó aṣojú àti ìgbéyàwó fọ́tò pọ̀, ó ní àwọn kò kà á sí. (Àwọn ọmọbìnrin Japan ni wọ́n ti ń fi fọ́tò fẹ́ lọ síbẹ̀ kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀.) Òfin 1952 dẹwọ́ díẹ̀: bí tọkọtaya bá ti pàdé lẹ́yìn yìgì, tí wọ́n sì ti sùn pọ̀, ó di ìgbéyàwó. Ní 1970 wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, físà àfẹ́sọ́nà. Kí ó wọlé, kí ó fẹ́ ẹni tó pè é wá gan-an láàárín 90 ọjọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó padà sílé.

Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Físà àfẹ́sọ́nà, ti ẹni tí kò tíì gbéyàwó ni. Àwa ẹ̀wẹ̀, ìdána tó pé, tí a san owó orí, tí a fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́, ìgbéyàwó ni lábẹ́ àṣà wa. Ẹni tó ṣe gbogbo ìyẹn n'Íbàdàn tó wá kọ "àfẹ́sọ́nà" sí fọ́ọ̀mù, fọ́tò ayẹyẹ tó kó lọ láti fi ṣe ẹ̀rí ìfẹ́ ni wọ́n lè fi dá a padà. Wọ́n á ní ẹ ti gbéyàwó, ẹ lọ gba ti ọkọ àti aya. Ìlà mìíràn nìyẹn, owó mìíràn, ìdúró mìíràn. Nítorí náà, kí ẹbí tó mú ọjọ́ ló yẹ ká ti mọ ilẹ̀kùn tí a fẹ́ gbà.

Ìlú Ọba náà le tirẹ̀. Láti 1980, wọ́n lè dá ọkọ tó ń bọ̀ padà bí wọ́n bá rí ìdí láti gbà pé tìtorí àtiwọ̀lú ló ṣe gbé obìnrin náà níyàwó. Ní 1985, kóòtù Yúróòpù ní Strasbourg ní kò dáa bí wọ́n ṣe ń fún ọkùnrin láyè ju obìnrin lọ láti pe ẹnì kejì rẹ̀ wá. Ẹ wo ohun tí ìjọba ṣe: wọ́n kúkú mú ìyàwó wọ abẹ́ òfin náà! Ó di 1997 kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Fọ́tò orí àga ńkọ́? Ní 2014, ọmọ Nàìjíríà kan tó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Netherlands dé iwájú adájọ́ ní Ìlú Ọba. Ìgbéyàwó aṣojú ni, nílé Nàìjíríà níbí. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá pé òfin Netherlands gbà á. Netherlands tí wọn ò ti so yìgì kankan! Ó di 2017, nínú ẹjọ́ ọmọ Ghana kan tó fẹ́ ọmọ Jámánì, kí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ní ìdájọ́ 2014 yẹn kò tọ̀nà, pé òfin ibi tí wọ́n ti so yìgì ni kí wọ́n wò, bí ti ẹjọ́ Apt. Ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí ní 2015 pé kò láya, tí aya sì ń se ọbẹ̀ ní kíṣìnì, kí ló fẹ́ wọlé lọ sọ fún un?