Àkọsílẹ̀ àti Kóòdù Ọgbẹ́ Ìka Ọwọ́ ní Ilé Ìwòsàn

Àkọsílẹ̀ ọgbẹ́ ìka ọwọ́ ni ohun tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kọ sínú káàdì aláìsàn nípa ibi tí nǹkan ti gé e, bí ó ṣe jìn tó àti ìtọ́jú tí ó gbà. Kóòdù sì ni àmì onílẹ́tà àti nọ́ńbà tí òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ń yọ láti inú ohun tí wọ́n kọ yẹn, kí ọgbẹ́ náà lè bọ́ sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Ọgbẹ́ yìí kò ṣàjèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ bó ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe gàárì, tí àwọn afíngbá sì ń fi ọ̀bẹ ṣe iṣẹ́ ọnà. Ó ti pẹ́ tí ilé ìwòsàn ìgbàlódé ti wà ládùúgbò náà: ní 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn tí ó di Bowen University Teaching Hospital lónìí.

Ìwé ìsọ̀rí àrùn tí a mọ̀ sí ICD-10, èyí tí àpérò Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1990, fi S61 sí ọgbẹ́ ọwọ́ àti ọrùn ọwọ́. S61.0 ni ti ìka tí èékánná rẹ̀ kò fara gbá, S61.1 sì ni ti èyí tí èékánná rẹ̀ bàjẹ́. Bí iṣan tí ń mú ìka ká kò bá já, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Bí ó bá já, S66 wọ̀ ọ́, bí ìka bá sì gé kúrò pátápátá, S68 ni. Ìwé yìí kò ya ọwọ́ ọ̀tún sọ́tọ̀ kúrò lára òsì, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ṣe, tí wọ́n ń lò láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2015, yà wọ́n. Lọ́dọ̀ wọn, S61.211A túmọ̀ sí pé nǹkan gé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì, pé kò sí ohun àjèjì nínú ọgbẹ́, èékánná kò bàjẹ́, ìtọ́jú ọgbẹ́ náà sì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Owó adójútòfò wà lára ohun tó fà á tí tiwọn fi fín tó bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, iye owó kan pàtó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ètò adójútòfò ìlera ìjọba máa ń san fún ìtọ́jú ìpele àkọ́kọ́, nítorí náà iye kan náà ni, ìbáà jẹ́ ìka kan tàbí mẹ́ta ló gé.

Kóòdù kejì, èyí tí ń sọ ohun tó fa ọgbẹ́, ni ó ṣòro jù láti rí yọ nínú káàdì. Ọ̀bẹ tó yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gé ilá jẹ́ W26, ọkọ́ tàbí àáké jẹ́ W27, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀bẹ ṣá ènìyàn, X99 ni, ọ̀rọ̀ náà sì lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó kọ “ọgbẹ́ ọwọ́, a rán an” lásán ti pa gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí rẹ́, nítorí òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àbá tirẹ̀ dí àlàfo. Ohun tó yẹ kí ó wà nínú káàdì ni orúkọ ìka, ọwọ́ tí ó jẹ́, ìwọ̀n ọgbẹ́, bóyá ìka ń ká tí ó sì ń mọ nǹkan lára, iye ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán an, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwòsàn pa àkọsílẹ̀ aláìsàn mọ́ kí ó sì bo àṣírí rẹ̀. Fún òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé níka lẹ́nu iṣẹ́, Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti 2010 fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó, ìwé ilé ìwòsàn sì wà lára ẹ̀rí tí yóò gbé sílẹ̀. Fáìlì tí kò dárúkọ ìka kò lè gbè é.