Gìtá Tó Yára, Gìtá Tó Sọ̀rọ̀

Àríyànjiyàn àwọn onígìtá ni mo fẹ́ dá sí lónìí. Nínú orin jáàsì tí wọ́n pò mọ́ rọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n ń pè ní fusion, ṣé ọwọ́ yíyá ló ṣe pàtàkì ni, àbí ohun tí gìtá ń sọ? Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń fà á. Èmi ò rò pé ó yẹ ká máa fi ọ̀kan tako èkejì, ohun tó sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1969.

John McLaughlin, ọmọ Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé New York ni, ó wá bá onílù Tony Williams nínú ẹgbẹ́ Lifetime. Kò pẹ́ tó dé tí Miles Davis fi ní kó wá sí sítúdíò. Orin Joe Zawinul kan wà nílẹ̀, In a Silent Way, tí kọ́ọ̀dù kún inú rẹ̀ bámúbámú. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, kò wọ Miles lára. Ló bá ní kí wọ́n da àwọn kọ́ọ̀dù náà nù. Ó wá kọjú sí McLaughlin, ó ní kó ta á bí ẹni tí kò mọ gìtá ta.

McLaughlin ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹ̀rù ba òun. Kọ́ọ̀dù E, èyí tí ọmọ tó ń kọ́ gìtá máa ń kọ́kọ́ mọ̀, ló dì mú, ó sì ń fi orin náà sí i díẹ̀díẹ̀. Àṣé téèpù ti ń yí! Teo Macero, tó ń to àwo náà, fi ohun tó ta yẹn bẹ̀rẹ̀ ojú kejì àwo, ó tún lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ìparí.

Àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí jẹ́rìí pé ìmọ̀ iṣẹ́ ò wúlò. Wọ́n ṣì í gbọ́. Ẹni tí kò mọ gìtá ta ní tòótọ́ kò lè ta á bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yóò bà á, yóò sì fi ariwo dí i.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan náà dá Mahavishnu Orchestra sílẹ̀, ó sì gbé The Inner Mounting Flame jáde. Ta ló tún yára tó o? Òun àti Jerry Goodman tó ń ta fayolíìnì ń sá tẹ̀ lé ara wọn, Billy Cobham ń fi ìlù lé wọn. Àmọ́ iyára yẹn nídìí: McLaughlin ń tọ ipa John Coltrane, ó sì ń ta gìtá bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwọn tó wá fara wé e, iye ohùn tó há sínú ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kà, wọ́n fi àdúrà sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbọ́ dùndún rí mọ ohun tí mò ń sọ. Bó ti wù kí ọwọ́ onílù yá tó, bí ẹni tó ń kì ò bá gbọ́ oríkì ara rẹ̀ nínú ìlù, kò ní kọwọ́ bọ àpò.

Al Di Meola ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló wà nígbà tó wọ Return to Forever lọ́dún 1974. Lójú mi, wọ́n ti le jù sí i. Nígbà tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn gìtá, ìlù ló ń lù, ìlù náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Friday Night in San Francisco, tí òun, McLaughlin àti Paco de Lucía gbà sílẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 1980: ibi tí ọwọ́ bá ti sáré ni èrò ti ń hó. Èmi, ohun tí Paco ń ṣe lábẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń sáré ni mo máa ń dá padà gbọ́.

Ó wá ku Allan Holdsworth, ọmọ Yorkshire míràn (mi ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀). Saxophone ló wù ú, gìtá ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Nítorí náà ọwọ́ òsì ló fi ń mú ọ̀pọ̀ ohùn jáde, kí wọ́n lè máa ṣàn bí èémí. Iyára yìí ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ jí kó. Kọ́ọ̀dù rẹ̀, tó máa ń yọ wá láìsí pé a gbọ́ ìgbà tó fọwọ́ kan okùn, ni wọn ò lè gbé. Ó kú lọ́dún 2017. Kí a tó tún pàdé, ẹ wá orin Home gbọ́ nínú àwo Metal Fatigue, ọdún 1985, kẹ́ ẹ sì sọ fún mi bóyá ẹ rántí ka iye ohùn tó wà níbẹ̀.