Àdágún Omi Káínjì Nínú Ìtàn Ìpínlẹ̀ Kwárà

Láti 1967 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀ ni Bùsà ti wà pẹ̀lú Ọ̀fà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà, títí di 1991 tí wọ́n gé agbègbè Bùsà fún Ìpínlẹ̀ Niger. Nítorí náà, ìtàn àdágún omi Káínjì kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún àwa tí a ń kọ́ni ní Ọ̀fà. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ni pé: ta ni ó jèrè omi náà, ta ni ó sì pàdánù?

Ènìyàn ni ó dá àdágún yìí. Ní 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé Odò Ọya nítorí iná mànàmáná. Omi kún ní 1968, wọ́n sì ṣí ìsédò náà ní oṣù kejì ọdún 1969. Àdágún náà gùn tó nǹkan bí kìlómítà 135. Bùsà àtijọ́ rì sínú rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí omi ti ń ya lu àpáta, níbi tí Mungo Park kú sí ní 1806. Àwọn ènìyàn bí 44,000 ni wọ́n kó kúrò nílé baba wọn lọ sí Bùsà Tuntun àti àwọn ibùdó mìíràn. (Akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ikú Park dáadáa, ta ni ó sọ fún wọn nípa àwọn 44,000 yìí?) Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ odò pàápàá fara gbá a, nítorí omi kò kún bo àkùrọ̀ wọn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Ẹja ni èrè tí ó kọ́kọ́ hàn sí ará ibẹ̀. Igi àti koríko tí omi bò ń jẹrà, wọ́n sì sọ omi náà di ọlọ́ràá fún ẹja. Ní 1970, ẹja tí wọ́n pa tó nǹkan bí 28,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí yóò fi di 1978, kò tó 6,000 mọ́. Ọ̀rá ilẹ̀ tí ó rì ti tán. Ní tiwa, a kò lè dá apẹja nìkan lẹ́bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ní ti ìgbafẹ́, igbó ọba Borgu ti wà láti 1962, kí omi náà tó kún. Òun àti Zugurma ni wọ́n pa pọ̀ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè tí ó gba orúkọ àdágún náà. Tẹ́lẹ̀, àwọn àlejò a máa sùn sí àwọn ilé kéékèèké ní ibùdó Ólì, wọn a sì wo erinmi. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, ẹ̀rù àwọn agbébọn ti dá ọ̀pọ̀ wọn padà. Àwọn apẹja ṣì ń tu ọkọ̀ wọn lójú omi náà.