Tí Olúwa Ni Ilẹ̀: Ṣé Ó Ṣì Dùn-ún Wò Lẹ́ẹ̀kejì?

1993 ni Túndé Kèlání gbé Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde, ní ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ìjòyè kan àti ẹni méjì ta ilẹ̀ tí ìlú kà sí mímọ́ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá ku ìjòyè yẹn, èyí tí Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ṣe. Ọkàn gbogbo wa ń lù kìkì: ṣé á yè é àbí kò ní yè é?

Àwọn kan ní téèyàn bá ti mọ ìparí ẹ̀, adùn ti tán. A ò gbà. Ìgbà tá a tún un wò la tó ráyè wo ojú ọkùnrin yẹn dáadáa, bí ojúkòkòrò ṣe di ẹ̀rù sí i lára. Àwa tá a wà lẹ́yìn odi, tí wọ́n lè ta ilẹ̀ bàbá wa nílé láìjẹ́ ká gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò lè gbó létí wa.

Fíìmù tó jẹ́ àṣírí nìkan ló gbé e ró, ẹ̀ẹ̀kan ló mọ. Èyí tí ìwà èèyàn gbé ró, kì í sú ni. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?