Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ 504 ní Ọ̀nà Àbújá

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba Ọ̀gágun Múrítàlá Mohammed ṣe òfin tí ó sọ Àbújá di agbègbè olú-ìlú tuntun. Ọdún kan ṣáájú, ní 1975, ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Ìlú àti ọkọ̀ náà jọ dàgbà ni. Kí ìjọba tó kó kúrò ní Èkó pátápátá ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991, 504 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn, òun náà sì ni àwọn awakọ̀ fi ń kó èrò gba Lọ́kọ́ja kọjá.

Kì í ṣe ẹwà ni ó fún ọkọ̀ yìí níyì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, èyíinì ni sípíríǹgì, irin àti rọ́bà tí ó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n ti wọ bọ́lẹ̀kájà rí mọ ohun tí ẹsẹ̀ líle jẹ́: irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn ni ó gbé ọkọ̀ náà dúró, ìbàdí èrò ni ó sì ń san gbèsè kòtò. Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Èkó ní tirẹ̀ kò ní sípíríǹgì aláyìípo rárá. Ọ̀pá irin tí ń lọ́ra ni ó ń lò.

Ní iwájú 504, sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kì po, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ rí: bí táyà kan bá wọ kòtò, èkejì kò ní bá a wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n sitéṣàn wágọ́ọ̀nù, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, yàtọ̀. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ni ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin sì ni ó gbé e, nítorí ẹrù. Ti akẹ́rù kékeré rẹ̀ tún padà sí irin pẹlẹbẹ, bí ti bọ́lẹ̀kájà.

Ìfaradà yìí gan-an ni ó fa ewu. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó ṣì ń rìn, awakọ̀ a sì rò pé kò sí nǹkan kan. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti ń da òróró, tí wọ́n tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ń jó sókè-sódò láìdúró, táyà kò ní lè di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́, bíréèkì kò sì ní ràn án lọ́wọ́ tó bó ti yẹ. Bí búṣì bá là tàbí tí bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì bá jẹ, a máa dún kò-kò-kò ní ojú ọ̀nà tí kò dán, táyà a sì máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìdí sitéṣàn wágọ́ọ̀nù bá sì wà nílẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, sípíríǹgì ti rẹ̀ nìyẹn. Lóru, awakọ̀ tí ń bọ̀ lódìkejì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé iná ọkọ̀ náà yóò máa wọ̀ ọ́ lójú.