Àrùn tí Wọ́n Fi Orúkọ Ìlú Pè

Ní apá ìparí ọdún 1976, àwọn dókítà àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Bẹ́ljíọ̀mù, Faransé àti Amẹ́ríkà jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan ní Zaire, orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Kóńgò lónìí, wọ́n ń wá orúkọ fún àrùn tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Ilé ìwòsàn ìjọ Àgùdà ní abúlé Yambuku ni àrùn náà ti ràn jù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún aláìsàn kan níbẹ̀ ni wọ́n tún fi ń gún òmíràn láìsè é. Kí àjàkálẹ̀ náà tó rọlẹ̀, èèyàn 318 ló kó o, 280 nínú wọn ló sì kú. Pierre Sureau, ará Faransé, dá a lábàá pé kí wọ́n sọ ọ́ ní Yambuku. Joel Breman, ará Amẹ́ríkà, rán wọn létí ohun tí ojú àwọn ará Lassa rí ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n fi orúkọ ìlú wọn pe àrùn. Ni Karl Johnson tó jẹ́ olórí wọn bá ní kí wọ́n kúkú fi orúkọ odò pè é, kí àbùkù má bàa bá ìlú kankan. Àwòrán ilẹ̀ Zaire kan wà lára ògiri, kò tóbi, odò tó sì jọ pé ó sún mọ́ Yambuku jù lórí rẹ̀ ni Ebola. Peter Piot, ọmọ ọdún 27 nígbà náà, wà ní ìjókòó yẹn. Òun ló wá sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé àwòrán náà tàn wọ́n jẹ, odò Ebola kọ́ ló sún mọ́ abúlé náà jù.

Àánú ló bí orúkọ yẹn. Ó yẹ ká rántí èyí nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ọdún 2014.

Lassa tí Breman sọ jẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Borno. Ibẹ̀ ni Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ibà kan gbé e dè ní oṣù kìíní ọdún 1969. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kú tẹ̀lé e. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé dé New York, ó sì yè é. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn dé yunifásítì Yale, Jordi Casals tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó àrùn náà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo tí wọ́n fà sí i lára ló gbà á là. Òṣìṣẹ́ kan ní yàrá àyẹ̀wò ibẹ̀ kò ríbi yè é. Báyìí ni ayé ṣe mọ ibà Lassa. Eku ilé tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri wà láti Guinea títí dé Nàìjíríà, kò sì mọ ààlà ìlú. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti ti Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó wà lára ibi tó ń gba aláìsàn rẹ̀ jù. Ká ní ibi tó ti ń jà jù lónìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ọmọ Ọ̀wọ̀ wo ni yóò fẹ́ máa gbọ́ “ibà Ọ̀wọ̀” lórí rédíò ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Àṣà fífi àrùn kọ́ ọmọnìkejì lọ́rùn ti pẹ́ láyé. Nígbà tí syphilis, àrùn ìbálòpọ̀ tó ń jẹ èèyàn lára, bẹ́ sílẹ̀ ní Naples ní 1495, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Charles Kẹjọ, ọba Faransé, wọ ìlú náà, àwọn ará Ítálì ní àrùn Faransé ni. Àwọn ará Faransé ní àrùn Naples ni. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n ní àrùn Pólándì ni, àwọn ará Tọ́kì sì sọ pé ti àwọn Kristẹni ni. Olúkúlùkù nawọ́ sí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí tẹ́lẹ̀. Girolamo Fracastoro, dókítà ará Verona, ló kọ ewì kan ní 1530 nípa darandaran kan tó ń jẹ́ Syphilis. Orúkọ darandaran inú ìtàn yìí ni àrùn náà ń jẹ́ títí dòní, kò sì sí ìlú tó ń tijú nítorí rẹ̀.

Fúlù ọdún 1918 kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Spéènì kò lọ́wọ́ sí ogun àgbáyé, nítorí náà ìwé ìròyìn rẹ̀ ń kọ òtítọ́ jáde, tó fi mọ́ àìsàn ọba Alfonso Kẹtàlá, nígbà tí àwọn tó ń jagun ń bo tiwọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó sọ òtítọ́ ni wọ́n so àrùn mọ́ lọ́rùn: fúlù Spéènì ni wọ́n pè é. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ojú omi ti gbé e dé Èkó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Marburg. Ní 1967, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọ̀bọ láti Uganda ṣe iṣẹ́ oògùn ní ìlú Marburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, irú rẹ̀ náà sì ṣẹlẹ̀ ní Frankfurt àti Belgrade. Èèyàn 31 ló kó o, 7 kú. Marburg ni wọ́n sọ fáírọ́ọ̀sì náà, ìbátan Ebola sì ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. N kò tíì gbọ́ pé wọ́n ya ọmọ Jámánì sọ́tọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú nítorí rẹ̀, tàbí pé wọ́n lé ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Lyme, ìlú kan ní Connecticut tí wọ́n fi sọ àrùn eégbọn lórúkọ. Ìdí ni pé ẹ̀gàn kò sí nílẹ̀ de orúkọ náà. Orúkọ kọ́ ló ń dá iná ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Epo tí wọ́n ń dà sí i ni, ibi tí iná bá sì ti wà tẹ́lẹ̀ ni epo ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Háítì fi èyí hàn dáadáa. Wọn kò fi Háítì pe AIDS, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà ka ọmọ Háítì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Háítì lásán, mọ́ àwọn tó wà nínú ewu àrùn náà. Ní oṣù kejì ọdún 1990, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ní kí wọ́n má gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ Háítì tàbí ti ará Áfíríkà tó wá láti ìsàlẹ̀ Sàhárà. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú jáde ní New York, wọ́n rìn kọjá lórí afárá Brooklyn, afárá kún bámúbámú. Ọdún náà kò parí tí wọ́n fi pa àṣẹ yẹn rẹ́.

Ní 2014, nígbà tí Ebola ń jà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni orúkọ odò tí wọ́n fi àánú yàn wá di èébú. Ní Bronx, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ti Senegal dé jẹ lílù ní ilé ẹ̀kọ́, “Ebola” ni àwọn ọmọ tó yí wọn ká ń pè wọ́n. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Texas kọ̀wé sí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ wọlé pé àwọn kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè tí Ebola ti wọ̀. Ní Nàìjíríà, èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti kéde pé kò sí i níbẹ̀ mọ́. Ní Texas ńkọ́? Àwọn nọ́ọ̀sì méjì ti kó o ní Dallas ní oṣù yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún gan-an wà. Àwọn tó jókòó ní 1976 gba abúlé kan sílẹ̀, ohun tí agbára wọn ká nìyẹn. Wọn kò lè gba ọmọ Áfíríkà tó wà nílẹ̀ òkèèrè sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń wá ohun tí yóò fi bú u.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, WHO gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí wọ́n má fi orúkọ ìlú, ẹ̀yà, èèyàn tàbí ẹranko sọ àrùn tuntun mọ́. Ìlànà yìí ni wọ́n tẹ̀lé ní ọjọ́ 11, oṣù kejì, 2020, tí wọ́n fi kéde COVID-19. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta, Donald Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà, pè é ní fáírọ́ọ̀sì Ṣáínà lórí Twitter. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé American Journal of Public Health ní 2021 yẹ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn àti èyí tó tẹ̀lé e wò. Nínú àwọn háṣítáàgì tó bá #chinesevirus rìn, bí ìdajì ló gbé ìkórìíra àwọn ará Éṣíà. Nínú èyí tó bá #covid19 rìn, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni. Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tó ti kórìíra wọn tẹ́lẹ̀ ló yan orúkọ yẹn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní kọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó ti ẹnu ààrẹ jáde, ó di ohun tí èèyàn lè pariwo lójú títì.

Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn fi ṣe irú rẹ̀ sí àwọn èèyàn wa. Ní Guangzhou, wọ́n lé àwọn ọmọ Áfíríkà kúrò nínú ilé àti hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn mìíràn sùn sí títì. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà náà, pe aṣojú Ṣáínà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì fi fídíò tó wà lórí fóònù hàn án. Kò sí orúkọ Áfíríkà kankan lára COVID-19. Àwọ̀ wọn nìkan ti tó.

Bákan náà ni Omicron. WHO ti ń fi ábídí Gíríìkì pe oríṣiríṣi COVID láti ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, 2021, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ti Íńdíà tàbí ti South Africa. Ní oṣù kọkànlá, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ South Africa rí èyí tuntun, wọ́n sì yára sọ fún ayé. Kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ ni Ìlú Ọba ti ń ti ilẹ̀kùn. Orílẹ̀-èdè 11 ló wọ ìwé pupa wọn, ìyẹn orúkọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́, gbogbo wọn ló jẹ́ ti Áfíríkà, Nàìjíríà sì wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 6, oṣù kejìlá. Wọ́n rí Omicron nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ti gbà ní Nẹ́dálándì kí South Africa tó sọ̀rọ̀. Nẹ́dálándì kò wọ ìwé pupa. Sarafa Tunji Ìṣọ̀lá, aṣojú Nàìjíríà ní London, bọ́ sórí BBC, ó ní apartheid ni wọ́n ń ṣe lórí ìrìnnà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, n kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí monkeypox tàn ká Yúróòpù ní 2022, tí àwọn oníròyìn ibẹ̀ sì ń fi àwòrán adúláwọ̀ sójú ìròyìn nípa àrùn tó ń ṣe òyìnbó, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan kọ̀wé ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, pé ó tó. Christian Happi ti Redeemer's University ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà lára àwọn tó síwájú. Wọ́n ní kí wọ́n yé pe ẹ̀ka fáírọ́ọ̀sì náà ní ti Kóńgò àti ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù kẹjọ, ẹ̀ka méjèèjì di I àti II. Ní ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, WHO kéde mpox gẹ́gẹ́ bí orúkọ tuntun àrùn náà.

Ìlànà 2015 kò dé ọ̀dọ̀ àwọn orúkọ àtijọ́. Ní 2023, nígbà tí àjọ tó ń sọ fáírọ́ọ̀sì lórúkọ tún tò wọ́n sí èdè Látìn, ti Ebola di Orthoebolavirus zairense, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Zaire kò sí lórí àwòrán ayé mọ́ láti 1997. Ti Lassa di Mammarenavirus lassaense. Àǹfààní láti bọ́ ẹrù náà kúrò lórí ìlú kékeré yẹn wà níwájú wọn, wọn kò sì lò ó. Wọ́n ṣì lè lò ó.