Fọ́tò Tó Ṣìnà Lójú Ìwé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ máà tíì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo to ìwé ètò ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi kan n'Íbàdàn ní 2003. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó tẹ̀ ẹ́, ẹbí sáré mú ìpínrọ̀ kan wá nípa oyè tí olóògbé jẹ nínú ìjọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ sún sísàlẹ̀, ó kó àwọn àkọlé fọ́tò dání lọ, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò ò tẹ̀lé e. Wọ́n dúró gbagidi síbi tí mo fi wọ́n sí. Nígbà tí a pín ìwé náà nílé àìsùn, ẹni tí a rí níbi tí a kọ "Olóògbé rèé ní 1961" sí ni àbúrò bàbá, bàbá kékeré tó jókòó síwájú wa, tó ń fi obì panu.

"Ọmọ yìí," ni wọ́n wí fún mi, "ṣé èmi lo fẹ́ sin ni?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí bí àwọn òǹtẹ̀wé àtijọ́ ṣe ń so àwòrán mọ́ ọ̀rọ̀. Ní 1499, ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, Aldus Manutius tẹ ìwé àlá ìfẹ́ kan tó ń jẹ́ Hypnerotomachia Poliphili (ẹ má ní kí n pè é lẹ́ẹ̀kejì o). Àwòrán inú rẹ̀ tó nǹkan bí 170. Pákó ni wọ́n gbẹ́ wọn sí, wọ́n sì gé pákó náà kó ga dọ́gba pẹ̀lú lẹ́tà òjé. Wọ́n wá há méjèèjì pọ̀ sínú férémù kan, wọ́n fi tàdáwà kan náà kùn wọ́n, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n pa pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sún ọ̀rọ̀, àfi kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé pákó àwòrán kúrò lọ́nà. Níbo ni àwòrán fẹ́ gbà ṣìnà tí ojú onítọ̀hún ò ní rí i?

Nígbà tí òfúsẹ́ẹ̀tì gbòde, gọ́ọ̀mù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ férémù. Wọ́n á gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sórí bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n á wọn àyè fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó yà á sí fíìmù. Ẹ̀yin tí ẹ ka Atọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ẹ mọ̀ pé fọ́tò àwọn òṣèré ló ń sọ ìtàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi fọ́tò kẹrin ṣáájú ìkẹta, ẹni tí wọ́n ti pa á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iyán.

Paul Brainerd, tó ti ṣiṣẹ́ nídìí ìwé ìròyìn rí, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Seattle, l'Amẹ́ríkà, ní 1984. Orúkọ baba Venice yẹn ló fi sọ ọ́: Aldus. Ní 1985 ni PageMaker wọn jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh, ní 495 dọ́là. Ọdún yẹn náà ni Apple gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter jáde. Bí ẹnì kan ṣe lè dá jókòó sídìí tábìlì nìyẹn, kó wọ́ fọ́tò síbi tó wù ú, kó fẹ̀ ẹ́, kó sún un kì, láìfọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Adobe ra Aldus ní 1994. Ní 1999 wọ́n gbé InDesign dé.

Ṣùgbọ́n nínú irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ dà bí omi tó ń ṣàn láti ojú ewé kan bọ́ sí èkejì, fọ́tò sì dà bí òkúta tí ẹ gbé sínú odò. Omi á yí i ká, á kọjá lọ. Ọgbọ́n wà tí a fi ń ri fọ́tò sáàárín ọ̀rọ̀ kó lè máa bá a rìn bíi lẹ́tà kan. Mo kúkú mọ̀ ọ́n ní 2003. Ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n ṣe é.

Lóru àìsùn náà, mo tẹ fọ́tò olóògbé jáde ní ojúlówó. Èmi, ọ̀rẹ́ mi àti àwọn ọmọ ilé mẹ́ta yí tábìlì ká pẹ̀lú àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù, à ń lẹ̀ ẹ́ bo èyí tó ṣìnà, nínú ìwé 300. Nígbà tí àkùkọ kọ, ó ku bí 40. Bàbá kékeré wọlé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n fa àga, wọ́n mú àlùmọ́gàjí kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé fọ́tò ẹ̀gbọ́n wọn.